Ìdánwò Èdè Abínibí ní Modákẹ́kẹ́

Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ òbí pé ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ náà wò ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́, láàárín àwọn ọmọ tí ń sọ Yorùbá nílé. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lásán; apá kejì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Apá kìíní ta èkejì yọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Lóòótọ́, wọ́n ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọṣẹ́ dunjú, èyí tí àwọn alátakò dì mú. Ṣé òun náà ni ó kọ́ wọn ní ìṣirò?