ÀGBÀ KÌ Í WÀ LỌ́JÀ: ÌRÌN-ÀJÒ ORÍ ÒKÈ LÁSÌKÒ ÒTÚTÙ

Ẹ ò rí ìwé akọ̀wé yín fún oṣù mẹ́ta. Kì í ṣe pé mo sá o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Denver ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló bímọ, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi mí pé kí ni mo rí lọ́hùn-ún. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ó jẹ mọ́ ìrìn-àjò kan tí a gbèrò, àti ìdí tí a ò fi rìn ín bí a ṣe rò ó. Kí ẹni tó mọ̀wé jọ̀ọ́ kà á fún ẹni tí ò mọ̀wé.

Ní oṣù Kejìlá, ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ kó gbogbo wa lọ sí Breckenridge, ká lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ nígbà Kérésìmesì. Ìlú kékeré ni, àárín òkè ló wà. Ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó máa ń lọ lásìkò òtútù láti fi pákó gígùn tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín láti òkè wá sílẹ̀. Bí ọ̀nà bá dára, mọ́tò ò ní ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ láti Denver. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n kó láti Houston wá sí Denver. Houston ò ní òkè, kò sì jìnnà sí òkun. Ọmọ-ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún méje, kò jẹ́ ká sinmi. Ojoojúmọ́ ló ń ka iye ọjọ́ tó kù, ó ní òun fẹ́ fi yìnyín mọ ère.

Àna mi mọ ètò í ṣe, bí ẹni tó ń lọ ra ọjà ní ọ̀nà jíjìn. Ó ní òfin wà ní ìpínlẹ̀ Colorado pé láti oṣù Kẹsàn-án títí di òpin oṣù Karùn-ún, mọ́tò tó bá máa gba ọ̀nà ńlá I-70 lórí òkè gbọ́dọ̀ ní taya tí ojú rẹ̀ kò tíì jẹ, tó sì yẹ fún yìnyín, tàbí kó gbé ṣéènì tí wọ́n ń so mọ́ taya dání. Ó yẹ taya wò. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí epo mọ́tò dín sí ìdajì. Ó di ṣọ́bìrì, tọ́ọ̀ṣì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, omi àti oúnjẹ sẹ́yìn mọ́tò, nítorí yìnyín lè há mọ́tò mọ́ ojú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó kọ́ wa pé bí yìnyín bá bo mọ́tò, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wa á kúrò lẹ́nu páìpù èéfín ká tó tan ẹ́ńjìnnì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èéfín á padà sínú mọ́tò. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Gbogbo wa la mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń ṣe nínú ilé tí wọ́n tì pa.

Ó tún sọ fún mi nípa ihò tí wọ́n lu sínú òkè tí mọ́tò ń gbà kọjá, Eisenhower Tunnel lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1973 ni wọ́n ṣí apá kìíní, 1979 ni wọ́n ṣí ìkejì. Gígùn rẹ̀ lé ní máìlì kan àtààbọ̀.

Gbogbo rẹ̀ dára lójú mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé Denver ni mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ tí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé wọn, èmi tí mo ń ru àpò gààrí. Wọ́n ní Denver fúnra rẹ̀ ga, pé ẹsẹ̀ bàtà 5,280 ló fi ga ju ojú òkun lọ, pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe àlejò. Mo wá bi í pé, "Àna mi, ibi tí à ń lọ yìí ńkọ́, báwo ló ṣe ga tó?"

Ó ní, "Màmá, ẹsẹ̀ bàtà 9,600 ni. Ihò inú òkè tí a ó gbà kọjá lé ní 11,000."

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kó kárọ́ọ̀tì àti kábééjì ní Jos, Jos ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,000. Òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà ni Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, kò sì pé 8,000. Ìlú tí wọ́n fẹ́ kó wa lọ sùn ga ju òkè wa tó ga jù lọ. Bí ènìyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń wọn gààrí fún yín tí kóńgò rẹ̀ ò kún. Ohun tí ẹ óo mí sínú nígbà mẹ́wàá ní Èkó, bí ìwọ̀n méje péré lẹ óo rí níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ọmọ-ọmọ mi yẹn, ẹ̀jẹ̀ SS ló ní.

Ọ̀pọ̀ yín ò mọ èyí nípa mi. Àkọ́bí mi, ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí mo gbé e lọ ṣọdún lábúlé ní oṣù Kejìlá ọdún 1996. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù la wà. Ọyẹ́ mú gan-an, omi ò sí lọ́wọ́ wa, mo ní á dé láìpẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé eegun ń dun òun. A ò tíì lo ọjọ́ mẹ́rin tó fi lọ. Àwọn àgbà ní àbíkú ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ èmi àti bàbá rẹ̀ wò, AS ni àwa méjèèjì. Kì í ṣe àbíkú. Fòní-kú-fọ̀la-dìde ni.

Ìdí nìyí tí mo fi kìlọ̀ fún ọmọ mi, AS lòun náà, pé kó má fẹ́ AS. Ọkọ rẹ̀ mú ìwé àyẹ̀wò wá tó ní AA ni òun. Ìwé kan ṣoṣo ni, ibì kan ṣoṣo ló ti ṣe é. Ìgbà tí ọmọ dé ni wọ́n tó rí i pé ìwé yẹn ò tọ̀nà.

Bí àìsàn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí, bí wọ́n ṣe là á yé mi. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS, bí afẹ́fẹ́ ò bá tó o, á ká kọ́rọ́ bíi dòjé. Á wá di ojú ọ̀nà inú iṣan, ìrora á dé. Òtútù ń fà á, àìmu omi ń fà á, àṣejù eré ń fà á. Ibi gíga sì ń fà á, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Àwọn òbí ọmọ yìí mọ ti òtútù, wọ́n ra aṣọ tó nípọn. Wọ́n mọ ti omi. Ti òkè ni ò wá sí wọn lọ́kàn, torí ní Houston kò sí òkè.

Mo ní, "Ẹ pe àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀." Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ má bẹ̀rù, a ti san owó ilé tí a ó sùn." Mo ní ṣe owó ni mò ń sọ ni? Ó pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà ní rárá o, kí wọ́n má gbé e dé ibi tó ga tó bẹ́ẹ̀, pé ní Denver gan-an àwọn ń ṣọ́ ọ ni. Ó tún ní kí àwa tí a jẹ́ AS náà kíyè sára. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí AS bá gun ibi gíga, pàápàá tó bá ń ṣe wàhálà, tí ìhà òsì ikùn rẹ̀ wá ń dùn ún lábẹ́ egungun ìhà, kó sáré sọ̀ kalẹ̀, kó lọ rí dókítà.

Ọmọ náà sunkún. Àna mi ò sọ̀rọ̀ títí di alẹ́. Ìdajì owó péré ni àwọn onílé náà dá padà. Èmi náà jẹ́ oníṣòwò, mo mọ bí owó tó sọnù ṣe ń dunni. Ṣùgbọ́n owó tó bọ́, a lè tún un rí.

Lọ́jọ́ kejì, àna mi tú ètò rẹ̀ palẹ̀, ó tún un tò. Ó ní ká lọ sí Golden, ìlú kan ní ìsàlẹ̀ òkè, tí gíga rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Denver lọ, kò sì ju bí ìdajì wákàtí lọ. Odò Clear Creek la àárín ìlú náà kọjá, òkè tí yìnyín bò sì yí i ká. A lọ láàárọ̀, a bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọmọ náà mọ ère yìnyín rẹ̀, ó fi fìlà mi dé e lórí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ ni, a ń mú un wọ mọ́tò láti yáná, ó ń mu omi àti tíì gbígbóná. Ibẹ̀ ni àna mi ti wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ ṣé."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ló kàn wá nínú èyí? Ẹ mú mẹ́rin lọ sílé.

Èkíní, ẹ mọ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yín. Tó nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, gbogbo oyún ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SS. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí a tó gba orí àna.

Èkejì, bí ọyẹ́ bá dé tí ẹ ń lọ sílé, ẹ má gbé ọmọ tó ní àìsàn yìí sẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù tàbí sẹ́nu fèrèsé. Aṣọ tó nípọn, omi, àti oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ẹ̀kẹta, ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbé e gun ibi gíga. Òbúdù ní ìpínlẹ̀ Cross River fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Denver, ẹ má rò pé ìlú òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń ṣètò ìrìn-àjò, ẹ má fi agbára ẹni tó lágbára jù wọ̀n ọ́n. Ẹni tó lẹ jù nínú ilé ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní ọdún 1996, mo wà lọ́jà, mi ò mọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ̀.

Ọ̀rọ̀ mi mọ níwọ̀n. Ọjà á tà o, a ò ní sunkún ọmọ.

Èmi ni akọ̀wé yín.