"Gáàsì Ni," Ni Gbogbo Wa Ń Wí

Ní ibi wàlímà kan ní Pákátà, nílùú Ìlọrin, ni ikùn mi ti fẹ́ dójú tì mí. Mo ti jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, mo ti mu tíì tí mílíìkì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo jẹ wàrà díndín mẹ́rin, mo sì fi ẹlẹ́rìndòdò tì í. Bí àáfà ṣe bẹ̀rẹ̀ wáàsí ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyá Pákátà, sọ sí mi létí pé, "Gáàsì ni. Dìde, kí o bọ́ síta, ọmọ mi. Kò sí ìtìjú nínú ohun tí Ọlọ́hun dá mọ́ni."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń bá oúnjẹ wọ inú wa, pàápàá bí a bá ń kánjú jẹun, tí a ń sọ̀rọ̀ tòun ti òkèlè lẹ́nu, tàbí tí a ń mu ẹlẹ́rìndòdò. Bí a bá gùfẹ̀, púpọ̀ rẹ̀ á jáde. Ti ẹ̀wà ló jinlẹ̀. Àwọn oríṣi ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní raffinose àti stachyose, tí ara ènìyàn kò ní èròjà tó lè fọ́ wọn. Wọn kì í dà títí wọn á fi dé ìfun ńlá, níbi tí àìmọye kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ti ń dúró dè wọ́n. Bí kòkòrò ti ń jẹ wọ́n ni gáàsì ń tú jáde. Kì í ṣe àrùn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè só tó ìgbà 20 lóòjọ́. (Mo mọ̀ pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiyín.)

Wàrà ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, àṣé mo ṣì í dá. Ṣúgà inú mílíìkì, lactose, kì í dà nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá, nítorí èròjà tó ń dà á ti dínkù lára wa láti ìgbà èwe. Ọ̀pọ̀ Fúlàní, tí àwọn baba ńlá wọn fi mílíìkì ṣe oúnjẹ, ṣì ní in títí dọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìyá Fúlàní bá fi omi bomubomu mú wàrà dì, tí wọ́n sì sẹ́ ẹ, púpọ̀ ṣúgà náà ń bá omi rẹ̀ lọ. Tíì àárọ̀ mi ni kí n dá lẹ́bi.

Ìyá àgbà mi kò gbọ́ orúkọ raffinose rí, síbẹ̀ wọ́n máa ń rẹ ẹ̀wà mọ́jú, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á fi omi mìíràn sè é. Èmi rò pé ìmọ́tótó lásán ni. Ṣúgà yẹn ni wọ́n ń dà nù. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀wà kò bá bá yín lára mu, ẹ rọra jẹun, kí ẹ sì rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Atalẹ̀ gbígbóná máa ń tu èmi lára, ṣùgbọ́n n kò ní búra fún un.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn wàlímà náà. Ìyá Pákátà di àyà mú lóru, òógùn bò wọ́n, apá òsì ń ro wọ́n. "Gáàsì ni," ni wọ́n wí. Wọ́n mu omi iyọ̀, wọ́n ní kí gbogbo ilé padà sùn. Ọmọ wọn kékeré ló kọ̀ jálẹ̀, tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Àṣé ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé ibì kan nínú ọkàn wọn mọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àyà tó ń fún pọ̀, ìrora tó ń gba apá tàbí párì lọ, òógùn tútù, èémí tó ń gé: ẹ má ṣe pe ìwọ̀nyí ní gáàsì, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ikùn tó wú, tí ènìyàn ń bì, tí kò lè yàgbẹ́ tí kò sì lè só. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ènìyàn ń rù láìnídìí, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Mo pe Ìyá Pákátà lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àyà àwọn fúyẹ́, ṣùgbọ́n inú àwọn ń kùn. Mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ.

"Ẹ̀wà ni," ni wọ́n wí. "N kò sì ráyè rẹ ẹ́."