Aró Tó Ń Retí Ìmọ́lẹ̀

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́ta ló dí mi lọ́nà ní Makhanda, ìlú kan ní Gúúsù Áfíríkà tó ń jẹ́ Grahamstown títí di ọdún 2018. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, kò sẹ́ni tó lé wọn. Nígbà tí mo wọ yàrá ìwádìí tí mo wá wò, ẹ̀rọ tó ń fa èéfín kẹ́míkà síta ń hó ṣùù bí òjò orí páànù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀ ló mú mi wọ yàrá inú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná fóònù yín."

Mo pa á. Òkùnkùn ṣú. Àwọn ìgò kéékèèké tò sórí tábìlì, wọ́n sì fi fọ́ìlì tí a fi ń sun ẹja wé gbogbo wọn. Ó tú ọ̀kan díẹ̀, mo rí aró búlúù tó jinlẹ̀, tó mú mi rántí ìkòkò aládìrẹ l'Ábẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlú níbẹ̀. Phthalocyanine ni, ẹbí aró tí wọ́n fi ń po ọ̀dà búlúù. Nínú ti ọ̀dà, bàbà ló jókòó sí àárín gbùngbùn rẹ̀.

Ní Yunifásítì Rhodes nílùú yìí ni Tebello Nyokong, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Lesotho, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹbí aró yìí láti bá jẹjẹrẹ jà. Ó gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO ní 2009.

Ọmọ Ìjẹ̀bú náà tan iná pupa. Bí iná yẹn bá kan aró, aró a gba agbára rẹ̀, a gbé e fún ọ́síjìn, ọ́síjìn a sì ba sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí jẹ́. Ibi tí iná ò dé, iṣẹ́ ò dé ibẹ̀. Iná pupa ò sì wọnú ẹran ara jìnnà.

"Bàbà ńkọ́?"

"Àpà ni, ẹ̀gbọ́n. Nínú aró yìí, ó ti ná agbára náà tán kó tó kan ọ́síjìn. Síńkì mọ̀ ọ́n tọ́jú jù ú lọ."

Síbẹ̀ wọn ò tíì pa bàbà tì. Ní Bangalore, ní Íńdíà, Akhil Chakravarty àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti fi bàbà ṣe àwọn èròjà mìíràn tó ń gé DNA lábẹ́ iná pupa. Kò tíì sí èyí tó di oògùn ilé ìwòsàn. Photofrin, oògùn tó ń lo iná bẹ́ẹ̀ tí Kánádà fọwọ́ sí ní 1993, kò ní irin kankan ní àárín gbùngbùn rẹ̀.

Ó gbé àwo pẹlẹbẹ kan wá, oníhò 96. Òórùn bíi ti aáyù ń jáde lára rẹ̀. Èròjà bàbà ni wọ́n fi sí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ inú rẹ̀, ìdajì ló sì rí iná lánàá. Ihò tó bá ní àwọ̀ elése àlùkò, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ yè. Èyí tó bá ṣì pupa rúsúrúsú, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti kú.

Apá tó rí iná ṣì pupa rúsúrúsú. Inú mi dùn gan-an; jẹjẹrẹ ọmú ló pa àbúrò ìyá mi. Mo fẹ́ kígbe.

Ọmọ Ìjẹ̀bú náà ò sọ̀rọ̀. Apá òkùnkùn ló ń wò. Elése àlùkò ni púpọ̀ nínú rẹ̀, àfi ìlà kan, níbi tí bàbà ti pọ̀ jù. Òun náà ṣì pupa rúsúrúsú, láìrí iná rárá.

Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó fa fọ́ìlì, ó sì dá àwo náà padà sínú òkùnkùn.