Ìbò Márùn-ún ní Agége, Àga Kan ní Aláùsá

Láti ọdún 2007 ni Mudashiru Ọbasa ti ń ṣojú Ẹkùn Ìdìbò Kìíní Agége nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó. Ìgbà márùn-ún ló ti du ipò náà, ní 2007, 2011, 2015, 2019 àti 2023, ìgbà márààrún ló sì wọlé. Àwọn ará Àgbàdo kì í dìbò fún un: ojú irin kan náà ló so wọ́n mọ́ Agége, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n wà. Síbẹ̀, ohun tó dé bá a ní 2025 ti kọ́kọ́ dé bá aṣòfin kan láti Ìfọ̀ ní ọdún kan ṣáájú.

Agége ni wọ́n bí Ọbasa sí ní 1972. Nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1999, ó di kánsẹ́lọ̀ níbẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ AD. Ó kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ní 2006, ó sì wọ ilé aṣòfin ní ọdún tó tẹ̀ lé e. AC ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ nígbà náà. Ó di ACN, ó tún di APC, ṣùgbọ́n agbo Bọ́lá Tinúbú, tó ti ń darí Èkó láti 1999, ni gbogbo rẹ̀.

Gómìnà kò lè lò ju ọdún mẹ́jọ lọ lórí àlééfà. Aṣòfin kò ní irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin 1999: ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni sáà rẹ̀, ó sì lè padà wá níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń dìbò fún un. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 25, tó kàwé dé ìwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà kalẹ̀, lè jáde. Inú ọ̀rọ̀ pé kí ẹgbẹ́ fani kalẹ̀ yìí ni agbára wà. Níbi tí ẹgbẹ́ kan bá ti fìdí múlẹ̀ bí ó ṣe rí ní Agége, ìdìbò abẹ́lé ló sábà máa ń pinnu ẹni tó máa wọlé, àwọn tó sì ń kópa nínú rẹ̀ kéré gan-an sí iye àwọn tó ní káàdì ìdìbò. Ó yẹ kí aráàlú máa ṣọ́ ìdìbò abẹ́lé yìí bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ìdìbò gbogbogbòò.

Ipò abẹnugan ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn aṣòfin fúnra wọn ló ń yan abẹnugan láàárín ara wọn, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé sì lè yọ ọ́. Adéyẹmí Ikúfọ̀ríjì lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí abẹnugan l'Ékòó kí Ọbasa tó gba ipò náà ní oṣù Òkúdu 2015. Wọ́n tún yan Ọbasa ní 2019 àti 2023.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, nígbà tí ó wà lókè òkun, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ̀sùn ìwà àìtọ́ kàn án, wọ́n sì yọ ọ́. Ogójì ni àwọn aṣòfin Èkó, nítorí náà ó kéré tán, ẹni 27 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn tó fọwọ́ sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mojísọ́lá Meranda, tó ń ṣojú Ẹkùn Kìíní Àpápá, bọ́ sípò náà, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ abẹnugan l'Ékòó. Ọbasa padà dé, ó sẹ́ àwọn ẹ̀sùn náà, ó sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà, aáwọ̀ sì gba ọ̀sẹ̀ méje. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà, Meranda kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó padà sí ipò igbákejì, wọ́n sì tún yan Ọbasa. Ní oṣù Igbe, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà dájọ́ pé yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ kò bófin mu, torí pé ilé wà lẹ́nu ìsinmi nígbà tí wọ́n jókòó.

Ti Ọlákúnlé Olúọmọ kò yọrí sí bẹ́ẹ̀. Ẹkùn Kìíní Ìfọ̀ ló ń ṣojú. Ó ti ṣe igbákejì abẹnugan ní ilé aṣòfin Ògùn kí ó tó di abẹnugan ní 2019, wọ́n sì tún yàn án ní 2023. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, aṣòfin 18 nínú 26 yọ ọ́. Iye tó kéré jù lọ tí òfin gbà nìyẹn: bí ẹnì kan péré bá fà sẹ́yìn, abẹnugan ni ì bá ṣì jẹ́. Oludaisi Elemide láti Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Yíyọ abẹnugan kò gba ìjókòó aṣòfin lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n yọ. Àwọn olùdìbò ẹkùn rẹ̀ ni òfin fún ní ọ̀nà láti pè é padà sílé kí sáà rẹ̀ tó pé. Ó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fọkàn tán an mọ́. Àjọ elétò ìdìbò INEC yóò wá ṣètò ìbò láàárín 90 ọjọ́, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó dìbò bá sì ti gbà á, ìjókòó náà ti bọ́ nìyẹn.