Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Walthamstow Marshes, àti Ewé Tó Jọ Ẹ̀bọ́lọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí pé níbo ni ènìyàn lè rìn sí ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò fi rí ewé, tí yóò rí omi, tí orúnkún kò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ìdáhùn mi kò yí padà: ẹ lọ sí Walthamstow Marshes. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nípa ewé ibẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe ara mi léṣe.

Ibẹ̀ jẹ́ ara ọgbà ńlá tí wọ́n ń pè ní Lee Valley Park, tó tẹ̀lé odò Lea láti Ware ní Hertfordshire títí dé odò Thames, nǹkan bíi máìlì 26. Ó wà lára ìwọ̀nba ilẹ̀ àbàtà tó ṣẹ́kù ní Lọ́ńdọ̀nù. Láyé àtijọ́, àwọn ará àdúgbò ló ń da màlúù wọn jẹko níbẹ̀. Ní 1979, wọ́n fẹ́ wa ilẹ̀ náà láti kó òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn ará àdúgbò kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì borí. Ní 1985 ìjọba sọ ọ́ di ilẹ̀ tí òfin ń dáàbò bò.

Bí ẹ bá ti Hackney wá, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Clapton, ẹ gba inú Springfield Park dé etí odò, kí ẹ sì sọdá afárá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Springfield yẹn nìkan ló le. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó lọ sọ̀kalẹ̀ ní Lea Bridge, ibùdó tí wọ́n tún ṣí ní 2016, nítorí pẹrẹsẹ ni ọ̀nà láti ibẹ̀. Ẹ máa tẹ̀lé etí odò. Ẹ óò rí ọkọ̀ ojú omi tí àwọn ènìyàn ń gbé inú wọn, àti abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin níbi tí A. V. Roe ti to ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ pọ̀ ní 1909. Wọ́n ti fi pákó ṣe ọ̀nà sórí ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Wákàtí kan tó, bí ẹ kò bá kánjú. Nígbà òtútù, ẹ wọ bàtà òjò, ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ewé. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo ń rìn níbẹ̀, mo rí ewé kan létí ọ̀nà. Ara rẹ̀ rọ̀, etí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, ó dúró bí ẹ̀bọ́lọ̀ gan-an. Inú mi dùn débi pé mo já a kún ọ̀rá kan. Mo gbé e lọ bá ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó ti ta ẹ̀fọ́ lọ́jà nílé kó tó wá síbí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ̀bọ́lọ̀ rèé o." Ìyá mú ewé kan, wọ́n rà á láàárín ìka, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, òórùn rẹ̀ dà?" Wọ́n wo òdòdó rẹ̀. "Ẹ̀bọ́lọ̀ wo ló ń tanná yẹ́lò? Lọ dà á nù, kí o sì fọ ọwọ́ rẹ."

Groundsel ni wọ́n ń pe ewé náà níbí. Ìdílé kan náà ni òun àti ẹ̀bọ́lọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọra. Ṣùgbọ́n oró kan wà nínú groundsel tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kì í ṣe oró tó ń mú ni bì lójú ẹsẹ̀ kí ènìyàn lè fura. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ léraléra, ẹ má sì gbọ́kàn lé e pé sísè yóò mú un kúrò. Irú oró bẹ́ẹ̀ wà nínú ragwort náà, tó lè jọ yánrin nígbà tó ṣì kéré nílẹ̀, lójú ẹni tí kò fara balẹ̀. Òdòdó ẹ̀bọ́lọ̀ máa ń tẹrí ba, ó sì pọ́n. Ti groundsel kéré, yẹ́lò sì ni. Bí iyèméjì bá wà, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ wa wà ní ọjà Ridley Road.

N kò ní kí ẹ máa ra ewé àìmọ̀ lọ́wọ́ bíi ti Ìyá o. Giant hogweed máa ń hù létí odò Lea. Ó lè ga ju ènìyàn méjì lọ, pòpó rẹ̀ ní àmì pupa tóótòòtó, òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì tẹ́ bí agboòrùn. Bí oje rẹ̀ bá kan awọ ara, tí oòrùn sì pa á, ara yóò lé ròrò bí ẹni tí omi gbígbóná jó. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti fi pòpó rẹ̀ ṣeré, ẹ ṣọ́ wọn. Bó bá kan yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ kíá, ẹ bò ó kúrò lójú oòrùn, kí ẹ sì rí dókítà. Ní ti èsìsì ibí, kò sí ẹni tó nílò kí a fi hàn án, yóò fúnra rẹ̀ kí yín.

Òfin 1981 pẹ̀lú kò gba kí a hú ewé igbó tigbòǹgbòtigbòǹgbò láìgba àṣẹ onílẹ̀. Ẹni tó ń wá ewé fún iṣẹ́, kó bi àwọn àgbà. Èyí tó bá ṣeé gbìn sínú ìkòkò lójú fèrèsé, ẹ gbìn ín. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí Ọ̀ṣun létí odò, ẹnu tó. Ẹ má fi ọ̀rá, ìgò tàbí àbẹ́là sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìrìn náà gan-an ni oògùn. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni NHS ní kí àgbàlagbà fi máa ṣe irú eré ìdárayá báyìí. Ẹ yára débi tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí orin kò ní ṣeé kọ. Ó ń ran ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lọ́wọ́, àmọ́ èmi kò fi oògùn mi sílẹ̀ torí rẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin, kó mú nǹkan dídùn dání, kó sì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò tó bá délé. Oòrùn ibí kò tó fún awọ dúdú wa, nítorí náà NHS ní kí àwa aláwọ̀ dúdú ronú láti máa lo vitamin D, microgram 10 lójúmọ́, jálẹ̀ ọdún.

Ìyá náà ń bá wa rìn báyìí. Àwọn ló máa ń wà níwájú, wọn óò dúró nídìí ewé, wọn óò wò ó títí, wọn óò kí i, wọn óò sì kọjá lọ.