Iyọ̀ Inú Òkun: Ìṣirò Rẹ̀ Ṣáájú Iná Rẹ̀

Ẹni tí ó bá na ọjà ní Dópẹ̀mú ní òwúrọ̀ yóò rí àwọn ìyá tí ń ta iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń ta ata àti irú. Wọn a tú àpò ńlá sínú ọpọ́n, wọn a sì máa fi agolo wọ̀n ọ́n fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí owó rẹ̀ ti mọ. Ọlọ́rọ̀ ń jẹ ẹ́, tálákà ń jẹ ẹ́. Bí a bá sì ń sọ ọmọ lórúkọ, iyọ̀ wà nínú àwọn ohun tí a fi ń ṣàdúrà fún un kí ayé rẹ̀ lè dùn. Síbẹ̀, bí a bá bi àwọn tí ń rà á pé níbo ni iyọ̀ náà ti wá, àwọn tí yóò lè dáhùn kò ní pọ̀.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé láti òkè òkun, pàápàá láti ilẹ̀ Bùràsíìlì, ni a ti ń kó púpọ̀ nínú iyọ̀ tí a ń jẹ ní Nàìjíríà wá, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń fọ̀ ọ́ mọ́ ní Àpápá àti níbòmíràn. Ní 1973 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá National Salt Company of Nigeria sílẹ̀, a sì kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí Ìjókò lẹ́bàá Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí Dópẹ̀mú. Ṣùgbọ́n òkun rèé lẹ́yìnkùlé wa, omi iyọ̀ ni láti etí títí dé ọ̀gbun. Kò ha ṣe é ṣe kí ẹni tí ó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iyọ̀, kí ó sì tà á bí? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí ẹni tí ó bá fi ìwàǹwara wọ iṣẹ́ yìí, owó ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe igi ìdáná.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Kí ọkọ̀ òyìnbó tó máa kó iyọ̀ Liverpool rẹpẹtẹ wá sí èbúté wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ará etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń ṣe iyọ̀ fún ara wọn, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ará òkè. Iyọ̀ Ada, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, a máa gba ojú odò Volta lọ títí dé ọjà Salaga. Kì í sì í ṣe etí òkun nìkan: ní ilẹ̀ Ìgbò, àwọn obìnrin Uburu àti Okposi ń se omi iyọ̀ inú adágún wọn, ní Keana, ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa, erùpẹ̀ oníyọ̀ ni àwọn obìnrin ń sẹ́. Iyọ̀ òyìnbó funfun, ó sì pọ̀ lọ́jà, ó sì mú kí a fi ojú kékeré wo iṣẹ́ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n nígbà ogun 1967 sí 1970, tí ọ̀nà òkun dí mọ́ àwọn ará Ìlà-Oòrùn, iyọ̀ di ohun iyebíye, ìkòkò Uburu àti Okposi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá tọ̀. Iṣẹ́ tí ìlú bá pa tì, ọjọ́ ìpọ́njú ni a ń mọ iyì rẹ̀.

Bí a bá sì fẹ́ rí àwọn tí ń ṣe iyọ̀ ní etí omi títí di òní, kò yẹ kí a lọ jìnnà. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Badagry kọjá sí ilẹ̀ Benin, tí ó la Àjàṣẹ́ tí ayé ń pè ní Porto-Novo kọjá, tí ó sì kọjá Kútọnu, yóò dé Ouidah. Lẹ́bàá ìlú náà, ní etí ọ̀sà, ni abúlé Djègbadji wà. Iṣẹ́ obìnrin ni iyọ̀ ṣíṣe níbẹ̀, ìyá ni ó sì ń fi í lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi ọ̀sà bá fà sẹ́yìn, oòrùn a máa fa iyọ̀ inú ilẹ̀ wá sí òkè, ojú ilẹ̀ a sì funfun bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun sí i. Àwọn obìnrin náà a ha erùpẹ̀ òkè yìí jọ, wọn a kó o sínú agbọ̀n ńlá, wọn a sì da omi ọ̀sà lé e lórí. Bí omi ti ń sẹ́ gba inú erùpẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ó ń kó iyọ̀ inú rẹ̀ lọ, a sì ń gbà á sínú ohun èlò nísàlẹ̀. Láti mọ̀ bí omi náà bá ti kún fún iyọ̀ tó, wọn kì í wá ìwọ̀n òyìnbó: èkùrọ́ ni wọ́n ń jù sí i. Bí èkùrọ́ bá rì, omi náà kò tíì tó í sè. Bí ó bá léfòó, ó yá fún iná. Lẹ́yìn èyí ni wọn a gbé e ka iná nínú ahéré, wọn a sì máa koná mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí títí iyọ̀ yóò fi jókòó. Wọn a wà á sínú apẹ̀rẹ̀ kí omi ara rẹ̀ lè kán tán.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọgbọ́n àwọn ìyá wọ̀nyí. Wọn kì í bu omi lásán ka iná. Oòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ níṣẹ́, iná ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni èrè iṣẹ́ yìí wà, ìṣirò yóò sì fi í hàn.

Nínú lítà omi òkun 1, àpapọ̀ iyọ̀ gbogbo tí ó wà níbẹ̀ tó gíráàmù 35. Iyọ̀ ọbẹ̀ tí àwa ń wá jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 27 nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ kún àpò kílò 50 kan yóò bu omi òkun bí lítà 1,850, èyí tí í ṣe dúróòmù 9 sí 10. Bí ààrò rẹ̀ bá tilẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí kílò igi 1 fi lè gbẹ lítà omi 1, igi tí yóò jó kò ní dín púpọ̀ sí tọ́ọ̀nù 2. Ta ni yóò ra igi tọ́ọ̀nù 2 nítorí àpò iyọ̀ kan, tí yóò sì jèrè? Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti gbẹ omi náà títí tí kò fi lè gba iyọ̀ mọ́, omi tí ó kù fún iná láti lé lọ kò tó lítà 150. Ìyàtọ̀ yìí ni ó wà láàárín oníṣòwò tí ó jèrè àti èyí tí ó jẹ gbèsè.

Ọ̀ràn igi náà kì í sì í ṣe ti owó nìkan. Àwọn igi inú àbàtà, tí gbòǹgbò wọn yọ sókè omi, ni a ti ń gé láti ìgbà pípẹ́ fún iná iyọ̀ ní etí ọ̀sà Benin. Lábẹ́ gbòǹgbò wọ̀nyí sì ni ọmọ ẹja ń dàgbà sí. Ẹni tí ó gé wọn tán nítorí iyọ̀ ti ba oúnjẹ apẹja jẹ́. Nítorí èyí ni àwọn oníyọ̀ kan ní ilẹ̀ Guinea fi kọ́ láti tẹ́ tapólì sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n rọ omi iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ sì parí rẹ̀ láìjó igi kan.

Ní ti Èkó wa, oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni ìgbà tí iṣẹ́ náà lè rọrùn. Òjò kan ṣoṣo lè fọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ, nítorí náà kí ẹni tí ó bá tẹ́ tapólì ní ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá tí yóò fi bò ó. Kí ó má ṣe bu omi ọ̀sà Èkó: nígbà òjò, iyọ̀ inú rẹ̀ a máa dínkù púpọ̀púpọ̀, ìdọ̀tí ìlú sì ń ṣàn sínú rẹ̀. Omi òkun gidi ni kí ó bù, níbi tí ó jìnnà sí gọ́tà àti èbúté. Kí ó má sì ṣe ru omi wá sí Dópẹ̀mú, nítorí omi àpò kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó tọ́ọ̀nù 2. Létí òkun ni kí a ti ṣe é. Iyọ̀ gbígbẹ nìkan ni kí ó gun ọkọ̀.

Bí omi bá ti ń gbẹ, ohun tí ó kọ́kọ́ ń jókòó kì í ṣe iyọ̀. Ohun funfun bí ṣọ́ọ̀kì ni; kí a sẹ́ ẹ kúrò. Nígbà tí omi bá kù bí ìdá 1 nínú 10 ni ojúlówó iyọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Èyí tí ó ń gbẹ̀yìn ni iyọ̀ magnesium, tí ó korò, tí ó sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Nítorí náà, kí a kó iyọ̀ nígbà tí omi díẹ̀ ṣì kù, kí a sì da omi kíkorò náà nù. Ẹni tí ó bá gbẹ gbogbo rẹ̀ tán nítorí kí ọjà rẹ̀ lè wúwo lórí ìwọ̀n yóò rí i pé iyọ̀ náà korò lẹ́nu, ó sì ń yọmi nínú àpò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó wúwo jù. Iyọ̀ tí a gbẹ láti inú òkun kì í ní áyódíìnì tí ó tó fún ara ènìyàn. Àìtó áyódíìnì ni ó ń fa gẹ̀gẹ̀, òun náà ni ó sì ń dí ọpọlọ ọmọ inú oyún lọ́wọ́ láti dàgbà bí ó ti yẹ. Láti 1993 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí áyódíìnì wà nínú iyọ̀ jíjẹ, àbójútó rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ NAFDAC. Ẹni tí ó bá ń polówó iyọ̀ ọwọ́ pé, “Iyọ̀ ìbílẹ̀ ni, a kò po nǹkan kan mọ́ ọn,” kí ó mọ̀ pé ọmọ ẹlòmíràn ni yóò san gbèsè ọ̀rọ̀ náà. Kí ó forúkọ ọjà rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọ́ bí a ti ń po áyódíìnì ní ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀, kí ó sì dì í sínú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀.

Ǹjẹ́ ta ni yóò rà á? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: iyọ̀ ọwọ́ kò lè pọ̀ jọjọ kó rọjú bí ti ilé iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ní Guérande, ní etí òkun ilẹ̀ Faransé, àwọn oníyọ̀ ṣì ń fi ọwọ́ kó o lójú omi bí a ti ń ré epo ojú ọbẹ̀. Iyọ̀ wọn wọ́n ju ti ilé iṣẹ́ lọ, a sì ń rà á, nítorí ẹni tí ń rà á mọ ibi tí ó ti wá. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ni kí oníyọ̀ wa wá: àwọn òtẹ́ẹ̀lì, àwọn alásè, àti àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi. Dópẹ̀mú, tí ó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, dára fún dídì àti fífi ránṣẹ́.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tí ọ̀ràn yìí bá wù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tapólì 1 àti omi dúróòmù 1 ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iyọ̀ tí yóò rí níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kílò 5. Kí ó kọ gbogbo ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀, owó ọkọ̀, ọ̀rá, áyódíìnì àti ọjọ́ tí ó fi ṣọ́ ọ. Kí ó pín in sí ọ̀nà 5, kí ó sì wò bí ẹnìkan yóò san iye náà fún kílò kan. Bí ó bá rí ẹni tí yóò san án, kí ó tẹ́ tapólì kejì. Bí kò bá rí, owó dúróòmù kan ni ó sọnù, kì í ṣe owó ilé.