Síǹkì Márùn-ún Nílé-Ẹ̀kọ́ Onídìrí

Títí di ọdún 2015, ẹni tó bá fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ irun dídì sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní gbọ̀ngàn tó fẹ̀ tó 2,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró, àga 10 àti síǹkì ìfọrí 5. Isis Brantley, onídìrí ní Dallas, gbé òfin náà lọ sílé ẹjọ́. Kí ni ẹni tó ń fi òòyà àti ìka ọwọ́ ṣiṣẹ́ fẹ́ fi síǹkì márùn-ún ṣe? Adájọ́ dá a láre lóṣù Kìíní ọdún náà, kò sì pẹ́ tí àwọn aṣòfin fi yọ ìwé àṣẹ kúrò lọ́rùn àwọn tó ń dirun. Ara ẹlòmíì ni wọ́n fi wọn ẹ̀wù tí wọ́n gbé wọ onídìrí, mo sì gbà pé ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ òfin ilé-ẹ̀kọ́ ìṣaralóge níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ wákàtí. New York ń béèrè wákàtí ẹ̀kọ́ 1,000 lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣaralóge kó tó lè gba ìwé àṣẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 2,100 ni Iowa ń béèrè. California gé 1,600 tirẹ̀ sí 1,000 lọ́dún 2022. Bó bá jẹ́ ààbò orí oníbàárà ló fa 2,100 ti Iowa, a jẹ́ pé orí àwọn ará New York ti bàjẹ́ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń ru ẹrù wákàtí wọ̀nyí: ọ̀pọ̀ ń yáwó lọ́wọ́ ìjọba san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á tún máa ṣe irun fún oníbàárà tó ń sanwó, owó náà á sì wọ àpò ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ iṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá náà ń sin ọ̀gá rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ti ibẹ̀ kó sí gbèsè ìjọba. Ní Utah, wọ́n ní kí Jestina Clayton, tó ti mọ irun dì láti kékeré ní Sierra Leone, lọ fi nǹkan bí wákàtí 2,000 jókòó síbi tí wọn kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ni ní irun dídì. Ilé ẹjọ́ dá a láre lọ́dún 2012.

Àwọn kan á ní ìlera ńkọ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe kékeré. Rìlásà tó ní kọ́sítíìkì sódà lè bó awọ orí, ó sì lè fọ́ ojú. Òòyà àjùmọ̀lò ń kó làpálàpá àti iná orí ran ènìyàn. Irun tí a dì le jù ń fa irun iwájú orí tu. Ẹni tó ń fi kẹ́míkà ṣe irun gbọ́dọ̀ pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ẹni tí kì í fọwọ́ kan rìlásà ńkọ́? Ìmọ́tótó àti ìtọ́jú awọ orí ni ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, èyí kò sì gba ẹgbẹ̀rún wákàtí.

Àwọn mìíràn ní ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ló ń kọ́ni ní ohun gbogbo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí New York fi ní láti ṣòfin lọ́dún 2023 pé kí wọ́n máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ṣe gbogbo irú irun, títí kan irun kíká bíi tiwa? Ẹni tó lè kọ́ wọn ni obìnrin tó mọ ṣùkú àti kòlẹ́sẹ̀ dì. Yàrá kan àti àga mẹ́rin ti tó o.